Ilẹ̀kùn àlòkù kọ́ ló ń wó ilé

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, tó gba ọ̀nà inú lọ, tó sì fara balẹ̀ wo àwọn ilé tó wà níbẹ̀ dáadáa, ó máa rí ilé kan tí ojú ẹ̀ ò bára mu. Ilẹ̀kùn iwájú á jẹ́ igi ìrókò tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lára bíi tilé ọlọ́lá, ṣùgbọ́n fèrèsé ọ̀tún á jẹ́ lúfà, tòsì á jẹ́ gíláàsì tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òrùlé ẹ̀ náà ńkọ́? Pánù oríṣi mẹ́ta ni: ọ̀kan ti dógùn-ún, ọ̀kan ń dán, ìkẹta ní àwọ̀ búlúù. Àwọn tó ń kọjá a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní ilé alákìísà nìyẹn. Onílé ò ní dá wọn lóhùn, ṣebí òun kì í san owó ilé fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí irú ilé bẹ́ẹ̀ ju kéèyàn fi rẹ́rìn-ín lọ o. Owó ọ̀pọ̀ ọdún ló wà níbẹ̀, ẹ̀mí ọmọ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, á fi owó táṣẹ́rẹ́ di onílé l'Ékòó. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, á fi owó tó rò pé òun ṣọ́ ná kó ikú wọlé, tàbí kó máa kọ́lé sílẹ̀ de kàtàpílà ìjọba.

Kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó di ohun tí wọ́n ń jà dù, ìlú àwọn Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà, ẹja pípa àti oko dídá ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, tí ìjọba là láwọn ọdún 1970, ló gbé èrò wọlé tọ̀ wọ́n. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí pápá ìpàtẹ ọjà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Trade Fair. Alhaji Lateef Jakande, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, ìjọba ẹ̀ náà ló sì dá yunifásítì LASU sílẹ̀ lọ́dún 1983. Àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ wá sọ Àlàbá di ọjà tí wọ́n ń ti òkè òkun kó ẹrù wá sí. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, oníṣòwò ń wá yàrá, ṣọ́jà tó fẹ̀yìn tì ní bárékè Ọ̀jọ́ náà ń wá ibi tó máa fẹ̀yìn lé. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni àwọn lánlọ́ọ̀dù ń fowó lé owó ilé. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò tó nǹkan wá ń wò ó pé tóun bá rí háàfù pílọ́ọ̀tì nínú igbó lọ́hùn-ún, òun á sá lọ síbẹ̀, kódà kó jẹ́ abẹ́ pánù lásán.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ awakọ̀ akérò kan tó ń ná Ìyànà-Ìbà sí Mile 2 yẹ̀ wò, pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà nítòsí gáréèjì. Irú wọn pọ̀ ní gbogbo agbègbè yẹn, torí náà kò sí ìdí tí wọ́n fi máa dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ mẹ́ta, yàrá kan, ilé ìwẹ̀ tí ìdílé mẹ́jọ ń pín lò. Wọ́n dá àjọ, wọ́n gba àjọ, wọ́n sì ra háàfù pílọ́ọ̀tì lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Rìsíìtì ni wọ́n fún wọn, wọ́n mu ẹmu, wọ́n gbàdúrà, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì, pákó àti pánù tuntun, ọkọ jókòó sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló sọ pé, "Bàbá ọmọ mi, ṣé gbogbo aṣọ tá à ń wọ̀ ni tuntun ni? Ṣé bọ́ọ̀sì tí ẹ̀ ń wà kì í ṣe tòkunbọ̀ ni? Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé nìkan ni ò lè jẹ́ àlòkù?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti gba àjọ báyìí, wọ́n á ra nǹkan kan pa mọ́: ilẹ̀kùn kan lóṣù yìí, fèrèsé méjì lóṣù mìíràn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kó wọn sí, ẹ̀yìn ilé ìdáná lánlọ́ọ̀dù ni wọ́n fi pákó tì sí.

Níbo ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Àwọn kan ń bá kọ̀ntéénà wọlé láti òkè òkun, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ níbẹ̀, ara ilé tí wọ́n wó ló ti ń jáde. Lóṣù keje, ọdún 1990, tí ìjọba ológun Raji Rasaki wó Màrókò, tí nǹkan bí 300,000 èèyàn di aláìnílé, ẹni tó bá rí pánù àti pákó ẹ̀ yọ lára àwókù gbé e lérí lọ, torí ohun tó ṣẹ́ kù fún un nìyẹn. Lọ́nà Àgbádárìgì, ọdún 2009 ni tiwọn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba Babátúndé Fáṣọlá fẹ́ sọ ọ̀nà náà di onílà mẹ́wàá, kí ọkọ̀ ojú irin sì gba àárín ẹ̀ dé Òkokomáíkò. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó bọ́ sójú ọ̀nà gba àmì pupa lára, wọ́n sì wó wọn. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún, tí wọ́n ń pè ní Blue Line, bẹ̀rẹ̀ sí í gbérò lóṣù kẹsàn-án, ọdún 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ni apá àkọ́kọ́ ẹ̀ parí sí, kò tíì dé Òkokomáíkò nígbà yẹn. Lóṣù kìíní ọdún 2023 yẹn kan náà, ìjọba wó ọjà Àlàbá Rágo, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran àti ẹrù àlòkù. Ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, onílé fúnra ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gun òkè lọ yọ pánù kí kàtàpílà tó dé. Tí kò bá ráyè kó wọn lọ, ẹni tó ń ra àwókù ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n tí ilé mẹ̀kúnnù bá wó, ilé mẹ̀kúnnù mìíràn ló máa ń bù kún.

Ibi tí ilẹ̀kùn ìrókò yẹn ti dé ọwọ́ wọn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tà á. Ìyàwó awakọ̀ fọwọ́ gbá a, ó ró kì, ó sì rí i pé àmì funfun tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà ilé ṣì wà lára ẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn yìí?"

Bàbá náà ní, "Ìyá olóúnjẹ, ilé kan lójú títì ni. Ìjọba ló wó o."

"Ilé ọ̀hún ti gbó ni?"

"Kí ló máa gbó! Ọdún mẹ́rin péré ni onílé gbé inú ẹ̀. Ilé tó rẹwà ni. Wọ́n ní orí ilẹ̀ ìjọba ló kọ́ ọ sí."

Obìnrin náà sanwó, wọ́n gbé ilẹ̀kùn sórí bọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ wo ilẹ̀kùn yìí. Ikán ò jẹ ẹ́, kò ya, kò wọ́. Síbẹ̀ ilé tó gbé e ró ti wó. Ṣé ilẹ̀ tiwa náà, ta ló mọ̀ bóyá tìjọba ni?" Ọkọ fẹ́ bínú. Ó ní àwọn ti gba rìsíìtì. Ìyàwó ní onílẹ̀kùn náà á ti gba rìsíìtì.

Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ náà. Rìsíìtì ẹbí ò lè sọ fún èèyàn bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ ọ̀hún tipẹ́ fún títì, fún kánàlì tàbí fún wáyà iná ńlá. Ohun tó ń sọ ọ́ ni kí sọ̀fíyọ̀ tó níwèé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, kó sì gbé àwọn nọ́ńbà tó rí lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláúsá, kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba. Òfin tí gómìnà Akinwunmi Ambode bọwọ́ lù lóṣù kẹjọ, ọdún 2016, náà wà fáwọn tó ń fi tipátipá gba ilẹ̀ àtàwọn tó ń ta ilẹ̀ kan fún èèyàn méjì, ṣùgbọ́n ẹjọ́ nìyẹn, owó àti àkókò lẹjọ́ sì ń jẹ. Kéèyàn wádìí kó tó gbẹ́lẹ̀ dára ju kó máa sáré kiri lẹ́yìn tó ti kọ́lé tán.

Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra pánù ni wọ́n fún sọ̀fíyọ̀. Nígbà tí èsì jáde, ó ní ilẹ̀ wọn ò sí lábẹ́ ìjọba, àmọ́ etí ẹ̀ kan, níbi tí àgbàrá ń gbà kọjá, wà lára ibi tí òfin ní kí wọ́n má kọ́ nǹkan kan sí. Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ ti fẹ́ kọ́ yàrá ọmọkùnrin sí. Ó dùn ún. Ó ní owó tóun fi ra ilẹ̀ yẹn ò ṣeé dá padà. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbin ewédú àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, wọ́n wá sún ilé sẹ́yìn. Yàrá mẹ́ta di méjì.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ilẹ̀ agbègbè Ọ̀jọ́ rọ̀, omi ò jìnnà sí òkè, òjò oṣù kẹfà sì lè sọ àgbàlá di odò. Nítorí náà, wọn ò fi ìpìlẹ̀ ṣeré. Búlọ́ọ̀kù fífọ́ àti kọ́ńkéré tí wọ́n ra lára àwókù ni wọ́n fi kún inú ìpìlẹ̀ láti gbé ilé sókè, ìyẹn dáa, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì tuntun, iyanrìn tó mọ́ tí kò níyọ̀ nínú, àti irin tuntun ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ fúnra ẹ̀. Bíríkìlà ní káwọn ra irin tí wọ́n yọ lára dẹ́kì tó wó, pé wọ́n á nà án. Ìyàwó ní rárá. Ó gba bẹ́ẹ̀, torí irin tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n tún nà, tí ìpẹtà ti jẹ lára, kò ní agbára tó ní tẹ́lẹ̀ mọ́, ojú lásán ò sì lè mọ ibi tó ti fẹ́ já. Irú irin bẹ́ẹ̀ lè di ọ̀pá okùn aṣọ tàbí ọgbà adìẹ. Kò gbọdọ̀ gbé ilé ró.

Ibi tó kan àlòkù ló dùn jù. Ẹni tó ń kọ́lé pẹ̀lú tuntun á kọ́ ògiri tán kó tó lọ ra fèrèsé. Ẹni tó ń fi àlòkù kọ́lé ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: fèrèsé á ti wà nílẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, bíríkìlà á wá fi àyè sílẹ̀ bó ṣe tóbi tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti náwó lẹ́ẹ̀mejì torí wọn ò mọ ìyẹn. Pákó náà ní bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Káfíńtà tó mọṣẹ́ á mú ìṣó, á fi gún ìdí ilẹ̀kùn àti orígun férémù, torí ibẹ̀ lomi àti ikán máa ń kọ́kọ́ bá wọlé. Tí ìṣó bá wọlé fẹ̀rẹ̀, kó gbé e sílẹ̀. Ìrókò àtijọ́ kì í bẹ̀rù ikán, ṣùgbọ́n àrèrè, bó ti wù kó funfun kó sì dán tó, oúnjẹ kòkòrò ni. Ní ti pánù, wọ́n á nà án sókè sójú oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ lomi máa gbà. Ihò ìṣó ṣeé dí, etí tó ti jẹ ṣeé gé dà nù, kí wọ́n wá fi pánù gorí ara wọn dáadáa. Èyí tó bá ti ń rún lọ́wọ́, ọgbà ẹ̀yìnkùlé ni kó lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé, kódà kí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ, kí èèyàn má gbà wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, tí wọ́n fi ń ṣe sílìn àti òrùlé láyé àtijọ́. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé gbogbo oríṣi ẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ. Eruku ẹ̀ tó ń jáde tí wọ́n bá ń gé e tàbí fọ́ ọ ló ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó fara hàn. Ìkejì ni ọ̀dà àtijọ́ lára ilẹ̀kùn. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ha á, kó fi omi rin ín, kó bo imú, kó má jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ibẹ̀, kó sì kó èérún ẹ̀ dà nù pátápátá. Ìkẹta ni wáyà iná àlòkù. Ilé tó jóná nítorí wáyà tó ti bó kò ní dá owó tí wọ́n fi ṣọ́ ná padà. Ìkẹrin ni ẹrù tí ẹni tó ń tà á ò lè sọ ibi tó ti rí i. Ìdérí gọ́tà ìjọba, irin réluwéè, ilẹ̀kùn ilé onílé: gbogbo ẹ̀ ló ń dé ọjà. Kí wọ́n gba rìsíìtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, onílé tuntun á sun àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìdílé yìí kó wọlé nígbà tí yàrá kan péré lórùlé. Lọ́dún kejì, wọ́n bo yàrá kejì. Lọ́dún kẹta, wọ́n rẹ́ ògiri inú, wọ́n yọ pákó tí wọ́n fi dí fèrèsé kan, wọ́n gbé lúfà sí i. Ọ̀rẹ́ ìyàwó kan wá kí wọn, ó wò yíká, ó ní, "Ìyá ọmọ, ẹ ò rí i pé ilé yín dà bíi pé wọ́n rán an pọ̀ ni?" Obìnrin náà ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ rí ilé tiwa bó ṣe dà bí aṣọ tí wọ́n rán pọ̀? Òtútù ò mú wa nínú ẹ̀."

Táwọn kan bá ń rò pé ìṣẹ́ ló ń jẹ́ kéèyàn lo àlòkù, kí wọ́n wo òkè òkun. Lọ́dún 1991, ẹgbẹ́ Habitat for Humanity ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Winnipeg, ní Kánádà, tí wọ́n pè ní ReStore. Ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga àti ẹrù ilé tí wọ́n yọ lára ilé mìíràn ni wọ́n ń tà níbẹ̀, owó tó bá wọlé sì wà fún kíkọ́ ilé fáwọn tí ò rọ́wọ́ họrí. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé Amẹ́ríkà. Pákó tí wọ́n yọ lára abà àtijọ́ níbẹ̀, ìgbà míì wà tó ń wọ́n ju tuntun lọ, torí olówó ń fi ṣe ilé ìsinmi lóko. Àwọn ará Róòmù náà yọ òkúta lára Colosseum, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin. Kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ tún wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó lulẹ̀, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Ibi táwọn olówó ń gbé ni Ìkòyí. Owó tó wà lára ilé kì í mú un dúró, bẹ́ẹ̀ ni àìlówó kì í wó o. Nǹkan tó wà nísàlẹ̀, tí àlejò kì í rí, ló ń ṣe méjèèjì.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi àlòkù kọ́lé l'Ọ̀jọ́, n'Íbà àti l'Ókokomáíkò, kó má tijú. Kó ra ilẹ̀kùn ẹni ẹlẹ́ni, kó ra fèrèsé ẹni ẹlẹ́ni, kó fi pánù oríṣi mẹ́ta bo orí àwọn ọmọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́ta wà tí kò gbọdọ̀ ra ní àlòkù: ìwádìí ilẹ̀, ìpìlẹ̀, àti irin tó gbé ilé ró. Tó bá fẹ́ ṣọ́wó ná, kó ṣọ́ ọ níbi tí gbogbo èèyàn ń rí, kó wá náwó sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní yìn ín fún. Ilẹ̀kùn tó bá bàjẹ́, ó ṣeé pààrọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà ìjọba, ilẹ̀kùn ẹ̀ nìkan ló máa rí ibòmíràn gbé. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí kálukú kọ́ tiẹ̀, kó sì gbé inú ẹ̀ pẹ́.